Bí Ọkọ̀ Bá Yọnu Nígbà Tí Ọwọ́ Ò Dẹ: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe, Àtohun Tí Ẹ Lè Fi Sílẹ̀ Ná

Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí ní ìbéèrè yìí, ẹ ò sì tíì dẹ́kun bíbéèrè rẹ̀: “Ọkọ̀ mi yọnu, kò jọ pé ohun ńlá ni, àmọ́ owó ò sí lọ́wọ́ mi báyìí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?” Mo kó ìdáhùn rẹ̀ jọ sójú kan níbí, kí ẹ lè ṣí i wò nígbà tí ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì lókè.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin: ìméfò ló ń jẹ owó ju àtúnṣe lọ. Èèyàn á ra bátìrì tuntun, lẹ́yìn náà ni yóò tó hàn pé ìpẹtà orí tẹ́mínà (orí bátìrì tí wọ́n ń so wáyà mọ́) ló ń dí iná lọ́nà. Ẹlòmíì á pààrọ̀ rédíétọ̀ odindi nítorí kílíìpù hóòsì kan ṣoṣo tó dẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò dẹ kò gbọdọ̀ ra páàtì kankan kó tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Wíwò ò náni ní kọ́bọ̀.

## Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì

1. Ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà pátápátá bí ọkọ̀ bá ṣì lè rìn. Kí rímù bàjẹ́ díẹ̀ sàn ju kí ọkọ̀ mìíràn wá gbá yín lọ.
2. Ẹ tan iná ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú tọ̀tún tòsì, kí ẹ sì fa háńdì bírékì.
3. Bó bá jẹ́ òpópónà tí ọkọ̀ ti ń sáré gan-an ni, kí gbogbo èèyàn gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ kì í gbà sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì lọ dúró lẹ́yìn irin ààbò títì. Ẹ má ṣe jókòó sínú ọkọ̀ dúró de ẹni tó ń bọ̀.
4. Lójú ọ̀nà tí eré ò ti pọ̀, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sí nǹkan bíi mítà 45 lẹ́yìn ọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa fẹ̀mí yín wewu kí ẹ tó lè gbé e síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má ṣe tún ọkọ̀ wà rárá bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì. Ọ́ìlì ò dé ibi tó yẹ mọ́ nínú ẹ́ńjìnì, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó láti bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe;
- bírékì tó ń rì wọlé títí dé ilẹ̀, tàbí tó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀;
- ìwọ̀n ooru tó ti wọ ibi pupa;
- òórùn petirólù, tàbí òórùn wáyà tó ń jó;
- sítíárín tó le lójijì.

Iná yẹ́lò tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì yàtọ̀ síyẹn. Bó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń rìn bó ṣe máa ń rìn, ẹ lè rọra wà á délé. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró. Petirólù tí kò jó nínú ẹ́ńjìnì ń wọ inú catalytic converter tó wà lára páìpù èéfín, ibẹ̀ ló ti ń jó, ó sì lè yọ́ inú rẹ̀. Páàtì yẹn wà lára èyí tó wọ́n jù lára ọkọ̀, ẹni tó bá sì forí tì í dé ibi tó ń lọ á fi pílọ́ọ̀gì olówó pọ́ọ́kú pa á.

## Ọkọ̀ kọ̀, kò sítáàtì

Ẹ pa rédíò, fáànù àti gbogbo iná. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìró tí ẹ bá gbọ́ ló máa tọ́ka ibi tí ẹ ó wò.

- Ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́: bátìrì ò lágbára tó.
- Ó dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́: tẹ́mínà tó dẹ̀ tàbí tó pẹtà. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ fura sí sítátà.
- Kò dún, iná dáṣíbọ́ọ̀dù ò sì tàn: bátìrì ti kú pátápátá tàbí wáyà rẹ̀ ti tú.
- Kò dún, àmọ́ iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn rekete: bí ọkọ̀ bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ fẹsẹ̀ tẹ bírékì, ẹ gbé gíà sí N, kí ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tán. Bí iná tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ ò dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀ ni, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ kejì.
- Ẹ́ńjìnì ń yí, kò kàn fẹ́ gbiná: ẹ yé dá bátìrì lẹ́bi. Petirólù tàbí iná pílọ́ọ̀gì ni kí ẹ wò.

### Ẹ fọ tẹ́mínà kí ẹ tó ronú bátìrì tuntun

Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó hù yí orí bátìrì ká, ó ṣeé ṣe kí wàhálà náà parí síbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi nǹkan bo ojú, nítorí ásíìdì wà nínú bátìrì.

1. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Bí rédíò yín bá jẹ́ irú èyí tó máa ń béèrè nọ́ńbà tí iná bá kúrò lára rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà náà kí ẹ tó tú ohunkóhun.
2. Ẹ tú wáyà tó wà lórí àmì − kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó wà lórí +. Ẹ má ṣe yí i padà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tú +, tí sípánà sì fara kan irin ọkọ̀, iná á ṣẹ́ lójijì.
3. Ẹ po báìkàbọ́nétì sódà mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sórí tẹ́mínà, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin rẹ̀ á fi dán. Omi náà kò gbọdọ̀ wọ inú bátìrì.
4. Ẹ fi omi lásán ṣan án, kí ẹ nù ún gbẹ.
5. Ẹ dá + padà kọ́kọ́, kí − ṣe ìkẹyìn. Ẹ dè é títí ọwọ́ ò fi lè yí i mọ́.

Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń wọn fóltì yá, ẹ wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ti wà ní pípa fún wákàtí díẹ̀. Bátìrì tó kún máa ń jẹ́ nǹkan bíi fóltì 12.6. Bó bá ti wà ní 12.0 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, agbára inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ tún un wọ̀n. Ó yẹ kó wà láàárín 13.7 sí 14.7 nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀. Bó bá dúró sí 12 tó sì ń lọ sílẹ̀, alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná) ni kò fún bátìrì níná. Ibí yìí gan-an ni owó ti ń ṣòfò: bátìrì tuntun tí ẹ bá rà á tún kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ tàbí tó já náà lè fa èyí, nítorí náà ẹ wò ó kí ẹ tó dá alternator fúnra rẹ̀ lẹ́bi.

### Bí ẹ bá rí ọkọ̀ mìíràn tó lè bá yín jọ́ǹpù

Kí bátìrì méjèèjì jẹ́ oní fóltì 12. Bí bátìrì yín bá wú, tó sán, tàbí tí omi inú rẹ̀ ti dì nítorí òtútù, ẹ má ṣe jọ́ǹpù rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ háídírójìn tó ń jáde lára bátìrì máa ń bú gbàù.

1. Ọkọ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn. Ẹ pa àwọn méjèèjì.
2. Wáyà pupa: orí kan sí + bátìrì tó kú.
3. Orí pupa kejì sí + bátìrì tó dára.
4. Wáyà dúdú: orí kan sí − bátìrì tó dára.
5. Orí dúdú kejì sí irin tí wọn ò kùn lára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tó kọ̀, kó jìnnà sí bátìrì.
6. Ẹ tan ọkọ̀ tó dára, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ tó gbìyànjú tiyín.
7. Bó bá ti tàn, ẹ máa tú wáyà láti orí tí ẹ so kẹ́yìn padà sí èyí tí ẹ kọ́kọ́ so.

Ẹ má ṣe pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ wà á fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí kò bá sí wáyà, ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì ṣeé tì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síbi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ fi í sí gíà kejì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí wọ́n tì yín. Bó bá ti ń sáré díẹ̀, ẹ yára jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ rántí pé bírékì àti sítíárín máa ń le nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú, nítorí náà ẹ má ṣe é lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ tàbí níbi tí èèyàn wà níwájú. Ọkọ̀ ọtomátíìkì ò ṣeé tì tan. Ọkọ̀ oníná àti háíbírìdì náà ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá sì rí nínú wọn, ẹ má fọwọ́ kàn án.

### Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí tí kò gbiná

Ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ kọjá ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sinmi ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tún un yí. Ọ̀pọ̀ ló ti fi ìkánjú jó sítátà, tí àtúnṣe kan fi di méjì.

1. Ṣé petirólù wà níbẹ̀ lóòótọ́? Abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka epo lè máa parọ́, pàápàá tí ọkọ̀ bá dúró sórí òkè.
2. Ẹ pa gbogbo ariwo, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná ti ń tàn, kí ẹ má tíì sítáàtì rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó gbọ́ tí pọ́ǹpù epo ń kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí kò bá kùn, ẹ wo fíúsì rẹ̀, lẹ́yìn náà relay rẹ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á). Relay fèrè sábà máa ń jẹ́ irú kan náà. Bí nọ́ńbà ara wọn bá bára mu, ẹ pààrọ̀ wọn fún ìdánwò, láìná kọ́bọ̀.
3. Bí ẹ bá ń gbóòórùn petirólù, ó lè jẹ́ pé epo ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ tẹ ìtẹ̀ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ìyẹn máa ń dá epo dúró kí èyí tó ti wọlé lè gbẹ. Bí òórùn náà bá ń ti abẹ́ ọkọ̀ wá, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má tan án.

## Ọkọ̀ ń gbóná

Èyí ló ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́ jù lọ, nítorí àwọn èèyàn máa ń sọ pé “ilé ò jìnnà mọ́.” Ibùsọ̀ díẹ̀ tí ẹ bá fi ìgbóná wà lè tẹ orí ẹ́ńjìnì, ìyàtọ̀ owó kílíìpù hóòsì àti owó títú ẹ́ńjìnì kò sì kéré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró.

1. Bí ẹ bá ti rí i pé abẹ́rẹ́ ń gòkè, ẹ pa AC, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ amóoru dé òkè pátápátá. Inú ọkọ̀ á gbóná, àmọ́ ooru ẹ́ńjìnì ló ń gbà síbẹ̀ jáde.
2. Ẹ wá ibi tó dára, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì.
3. Ẹ dúró ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí hóòsì òkè rédíétọ̀ á fi ṣeé fọwọ́ dì mú láìta.
4. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Omi inú rẹ̀ wà lábẹ́ agbára, ìdí nìyẹn tó fi lè gbóná kọjá 100°C láì hó. Bí ẹ bá ṣí i, agbára náà á lọ, omi á hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí yín lójú àti láyà.
5. Bó bá ti tutù, ẹ fi aṣọ tó nípọn yí ìdérí náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì rọra da omi sí i. Omi tútù tí ẹ bá dà sínú ẹ́ńjìnì tó ṣì ń gbóná lè mú kí irin rẹ̀ sán.

Omi lásán á gbé yín délé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sí coolant (omi àkànṣe fún rédíétọ̀) tí wọ́n fi omi pò ní ìdajì-ìdajì (bí ẹ kò bá ra èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀), nítorí omi nìkan máa ń mú kí inú ẹ́ńjìnì dípẹtà, ó sì máa ń dì níbi tí òtútù bá pọ̀.

Ẹ wá ibi tí omi gbà lọ. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ sì wo ibi tó kán sí.

- Ẹnu hóòsì ló ń jò: ẹ dè kílíìpù rẹ̀. Bí ẹnu hóòsì bá ti ya, tó sì ṣì gùn tó, ẹ gé ibi tó ya kúrò kí ẹ fi í padà. Hóòsì náà wà lára páàtì tó dínwó, kò sì yẹ kó dúró di oṣù tó ń bọ̀.
- Omi ò jò, àmọ́ ọkọ̀ ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kì í gbóná lójú eré: fáànù ni kí ẹ fura sí. Ẹ tan AC. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù gbọ́dọ̀ yí. Bí kò bá yí, fíúsì àti relay ni kí ẹ wò kí ẹ tó ra fáànù. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní pípa pàápàá.
- Ó gbóná lójú eré, omi sì kún: thermostat (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná), pọ́ǹpù omi tàbí rédíétọ̀ tó dí.
- Èéfín funfun tí kì í tán ń jáde, omi ń dín kù láìjò síta, ọ́ìlì sì dà bíi tíì oníwàrà: gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ má sì náwó kankan sí i mọ́ títí mẹkáníìkì á fi wò ó.

Ohun tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ láti dí ihò wà lọ́jà. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó lè dí ọ̀nà omi tóóró inú ẹ̀rọ amóoru. Bí ẹ bá tilẹ̀ máa lò ó, kó jẹ́ láti fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

## Táyà

1. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí ẹ wá. Ẹ fa háńdì bírékì, kí ẹ sì fi òkúta di táyà tó wà ní igun kejì.
2. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè.
3. Ẹ gbé jáàkì síbi tí wọ́n ṣe fún un lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan, fún ohunkóhun.
4. Ẹ yọ táyà, ẹ fi sípéà sí i, kí ẹ máa dè nọ́ọ̀tì láti igun kan sí igun tó kọjú sí i.
5. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún un dè gírígírí. Bí ẹ bá rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 80, ẹ tún un wò.

Sípéà kékeré ò yẹ kó kọjá 80 km/h. Ẹ wo afẹ́fẹ́ rẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ 60 psi, iye tó pọ̀ ju ti táyà gidi lọ.

Bí táyà bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ da omi ọṣẹ sí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fún un ní afẹ́fẹ́. Bó bá hó, ohun kékeré inú rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀, òun ló dínwó jù nínú gbogbo ọ̀ràn táyà. Ihò ìṣó láàárín ibi tó ń tẹ ilẹ̀ ṣeé lẹ̀ bí kò bá fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ. Ti ẹ̀gbẹ́ ò ṣeé lẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun á lẹ̀ ẹ́ ń fi ẹ̀mí yín ṣeré.

Bó bá jẹ́ táyà àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ wá lẹ́tà DOT lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tí ara rẹ̀ dán lè ti dàgbà jù.

## Fíúsì

Bí fèrè, wáípà tàbí iná kan bá kú lójijì, ẹ wo fíúsì rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ń sọ agbára rẹ̀ ní ámpíà: pupa ni 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Bí ẹ ò bá ní òmíràn, ẹ yá ti rédíò tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bára mu. Ẹ má fi èyí tó lágbára jù síbẹ̀, ẹ má sì fi wáyà tàbí bébà irin dípò rẹ̀, ọkọ̀ lè gbiná. Bó bá tún jó kíá, wáyà kan ń fara kan irin níbì kan.

## Ẹ ka kọ́ọ̀dù fúnra yín

Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996, àtèyí tó ń lo petirólù tí wọ́n tà ní ilẹ̀ Yúróòpù láti 2001, ní ihò OBD, tó sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lè ka kọ́ọ̀dù níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ohun tó rí. Ẹ lè yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn èèyàn máa ń ka kọ́ọ̀dù bíi pé orúkọ páàtì ni. Ibi tí ìrora wà ló ń sọ, kò sọ ohun tó fà á. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọ ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ á sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ hóòsì afẹ́fẹ́ kékeré kan ló sán. Bó bá jẹ́ P0455 tàbí P0457, tó ń sọ pé ooru epo ń jò, ẹ kọ́kọ́ dé ìdérí táǹkì epo dáadáa, kí ẹ pa kọ́ọ̀dù rẹ́, kí ẹ wakọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù ni ti ẹ́ńjìnì tó ń gbọ̀n tó sì ń kọ iná. P0302 túmọ̀ sí sílíńdà kejì ni kò jó dáadáa. Bí ọkọ̀ yín bá ní kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan (ohun tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná) lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan:

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kó tutù. Ẹ yọ kọ́ìlì sílíńdà kejì, kí ẹ fi ti ẹ̀kẹta pààrọ̀ rẹ̀.
2. Ẹ pa kọ́ọ̀dù rẹ́, ẹ tan ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀.
3. Bí P0303 bá jáde, àìsàn ti tẹ̀ lé kọ́ìlì lọ: kọ́ìlì kan ṣoṣo ni ẹ ó rà. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, kọ́ìlì yẹn dára. Ẹ fi pílọ́ọ̀gì ṣe irú ìdánwò kan náà.

Ìdánwò yìí ò ju sípánà kan àti sùúrù lọ, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

## Èwo ni ẹ ó kọ́kọ́ náwó sí?

Kò gbọdọ̀ dúró: bírékì, sítíárín, táyà tí wáyà inú rẹ̀ ti yọ, epo tó ń jò, ìgbóná, iná pupa ọ́ìlì, àti páìpù èéfín tó ń jò tí òórùn rẹ̀ ń wọ inú ọkọ̀. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn kò ní òórùn tirẹ̀, ó sì ń pani. Bí owó ò bá tó fún ìwọ̀nyí, ẹ gbé ọkọ̀ jókòó. Kò sí ìtìjú nínú wíwọ ọkọ̀ èrò títí owó á fi pé. Bó bá máa pẹ́ nílẹ̀, ẹ tú − bátìrì kó má baà kú.

Lè dúró tí ẹ bá ń ṣọ́ ọ: ọ́ìlì tó ń kán díẹ̀díẹ̀ (ẹ máa wo ọ̀pá ìwọn rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú), iná yẹ́lò tí kì í ṣẹ́jú, bẹ́líìtì tó ń pariwo tí kò tíì sán.

Ẹ fi sílẹ̀ ná: AC, rédíò, ara ọkọ̀ tó tẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí nínáwó díẹ̀ sí i lónìí ń dín ti ọ̀la kù. Bí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnì láti pààrọ̀ bẹ́líìtì inú tí wọ́n ń pè ní timing belt, tó sì jẹ́ pé òun ló ń yí pọ́ǹpù omi, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù náà pọ̀. Iṣẹ́ títú yẹn kan náà ni ẹ ó tún san lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ bá fi í sílẹ̀.

## Bí ẹ ó ṣe bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀

Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má sọ ohun tí ẹ rò. “Ọ̀gá, ó máa ń gbóná tó bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù rẹ̀ ò sì yí” wúlò ju “rédíétọ̀ ti bàjẹ́” lọ. Bí ẹ bá ní kó pààrọ̀ rédíétọ̀, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un láìfi pa mọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó ò pọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ bá mi wo ohun tó ń ṣe é ná, kí ẹ sọ iye tí wíwò jẹ́. Ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan títí ẹ máa fi pè mí.” Oníṣẹ́ gidi ò ní bínú sí èyí.

Ẹ béèrè:

- Ẹ̀rí wo lẹ fi mọ̀ pé páàtì yìí ló bàjẹ́?
- Èló ni owó iṣẹ́, èló ni ti páàtì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìwé?
- Èwo nínú rẹ̀ ló lè dúró?
- Ṣé mo lè ra páàtì fúnra mi? Bó bá bàjẹ́ ńkọ́? (Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í dúró lẹ́yìn páàtì tí wọn ò rà fúnra wọn.)
- Ṣé mo lè san án ní ẹ̀ẹ̀mejì?

Páàtì àlòkù dára fún alternator, sítátà, iná iwájú, dígí, ilẹ̀kùn àti rímù, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bá ti tẹ́lẹ̀ mu, tí ẹni tó tà á sì gbà pé ẹ lè dá a padà. Ẹ má ra páàdì bírékì, bẹ́líìtì, hóòsì, pọ́ǹpù omi, bẹ́líìtì ìjókòó tàbí airbag ní àlòkù.

## Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ padà

1. Ẹ béèrè páàtì tí wọ́n yọ kúrò, kí ẹ wò ó.
2. Ẹ gba ìwé owó tó kọ ohun tí wọ́n ṣe.
3. Ẹ wà á pẹ̀lú mẹkáníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná dáadáa. Àìsàn tó máa ń yọjú lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ò ní hàn nínú ìṣẹ́jú méjì.
4. Bí wọ́n bá tú táyà, ẹ tún nọ́ọ̀tì wò lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 80.
5. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá kán sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì náà kí ẹ tó tan án.